Lẹ́tà Ṣíṣí sí Òkè Tó Kọlà Tó Gbàgbé Olóòlà

Sí Alàgbà Òkè São Leonardo de Galafura,
Lókè Odò Douro,
Ilẹ̀ Potogí.

Alàgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú atẹ́gùn, ẹ kú àlejò tí kì í tán lẹ́sẹ̀ yín. Mo lérò pé àlàáfíà ni ẹ wà bí èmi náà ti wà, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò, tí kò tíì dárí jì yín láti ọjọ́ tí mo ti wá kí yín. Ará ilé ń kí yín. Bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín ní ṣíṣí, ẹ má bá akólẹ́tà jà. Èmi ni mi ò lẹ̀ ẹ́, kí gbogbo ayé lè bá wa dá sí i. Ẹni tó jókòó síbi tí tọ̀tún tòsì odò ti ń rí i kò lè sọ pé òun fẹ́ gba lẹ́tà ní kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín mọ àwọn tó ń yọjú léjìká mi kà á. Odò kan ló ti orí òkè ilẹ̀ Sípéènì ṣàn wá, Duero ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó rin nǹkan bíi kìlómítà 900 kó tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì ní ìlú Porto. Tó bá ti wọ ilẹ̀ Potogí, orúkọ rẹ̀ á di Douro. Láti agbègbè Régua lọ sókè títí dé ẹnubodè Sípéènì, èso àjàrà ni wọ́n ń gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi igi ólífì àti igi álímọ́ńdì díẹ̀díẹ̀ láàárín. Òkè ló yí odò náà ká lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ló dà gẹ̀rẹ́. Orí àwọn tó ríran jù nínú wọn ni wọ́n ti ṣe ibi ìwòran tí Potogí ń pè ní miradouro: pèpéle kan, irin tí èèyàn lè fọwọ́ tì, nígbà mìíràn ilé ìsìn Àgùdà kékeré kan pẹ̀lú. Wọ́n pọ̀ bí ọmọ olóbìnrin púpọ̀. Alàgbà tí mò ń kọ̀wé sí yìí wà lára àwọn àgbà wọn.

Ó yá, a ti kíra wa tán.

Ẹ̀sùn kìíní, ọ̀nà ilé yín. Mo wọ rélùwéè ní Porto láàárọ̀ kùtùkùtù. Nígbà tó ṣe, odò yọ sí wa lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sì fi wá sílẹ̀ mọ́. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Régua, mo ní kí wọ́n júwe yín fún mi. Bàbá tó ta kọfí fún mi kàn nawọ́ sókè, ó ní ẹ̀yin lẹ wà lọ́hùn-ún yẹn, àfi bí ẹni ń júwe ilé kejì sí tirẹ̀. Kò sọ fún mi pé láàárín ibí àti ọ̀hún, kọ́nà ọ̀nà náà ju kọ́nà ìfun ewúrẹ́ lọ. Awakọ̀ takisí tó gbé mi kò sọ̀rọ̀, ọwọ́ kan ló fi ń wakọ̀, ìhà ọ̀dọ̀ mi sì ni ọ̀gbun wà ní gbogbo ìgbà, yálà a yí sọ́tùn-ún ni o, yálà a yí sósì. Títí di òní, mi ò mọ bó ṣe ṣe é.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní lọ́dún 2015, ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi mọ́tò háyà kéde pé ọ̀nà N222, èyí tó ń tọ odò láti Régua dé Pinhão, ni ọ̀nà tó dùn ún wakọ̀ jù lọ lágbàáyé. Wọ́n ní kọ́nà 93 ló wà láàárín kìlómítà 27. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ti ẹni tó di ìdarí mú ni wọ́n rò. Wọn ò ro ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Ọ̀nà yẹn pẹ̀lú, ìsàlẹ̀ ló wà. Èyí tó gòkè wá sọ́dọ̀ yín, kò tíì sẹ́ni tó fún un lẹ́bùn kankan.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo sanwó, mo yíjú sí odò, takisí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé Leonardo, ẹni mímọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yín, alágbàwí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ìjọ Àgùdà mọ̀ ọ́n sí. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ yín, nínú oṣù Kẹjọ, ní ọ̀sán gangan. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn fi ń wà nínú òtútù, àwọn a sì wà ní ọ̀run àpáàdì fún oṣù mẹ́ta tó kù. Òkè Marão tó wà níhà òkun ló ń dá kùrukùru dúró lọ́nà, tí oòrùn fi ń rí ààyè lù yín bó ṣe wù ú. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ooru á máa kọjá ìwọ̀n 40. Omi inú ìgò mi gbóná bí omi àgbo. Mo gbé ojú wo ilé ìsìn kékeré yẹn, ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Mi ò rí alágbàwí kankan.

Nítorí náà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbé “ẹ” jù sílẹ̀ láti ibí yìí lọ. Ẹni tó bá ti ti èèyàn mọ́lé fún wákàtí mẹ́ta ti kúrò ní àlejò ẹni. Ìwọ Leonardo, wá gbọ́.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọ: ojú rẹ dára. Bí mo ṣe dúró tí irin yẹn, mo kọ́kọ́ gbàgbé orúnkún. Odò náà wà nísàlẹ̀ bí ìgbànú tí ẹnì kan tú jù sórí ibùsùn, ó rọra ká, ó tún rọra nà. Ní tìhín àti tọ̀hún rẹ̀, gbogbo ara òkè ló kọlà. Ilà tẹ̀ lé ilà láti etí omi títí dé orí, àbàjà lórí àbàjà, òmíràn nípọn bíi pélé, òmíràn tín-ín-rín bí ohun tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà, àjàrà sì tò sórí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní títútù yọ̀yọ̀. Àárín wọn ni ilé funfun àwọn oníwáìnì wà, tí wọ́n kọ orúkọ gàdàgbà sára ògiri kí ẹni tó wà lókè pàápàá lè kà á. Mo wò ó títí. Mo ya fọ́tò tó pọ̀ débi pé fóònù mi bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilà kì í bá ọmọ wáyé. Olóòlà kan ló jókòó, tó gbé abẹ tó mú, tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Ibi tí mo ti ní kí n bá ọ jà nìyí. Gbogbo àlejò tó wá sọ́dọ̀ rẹ, wọ́n á ní, “Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe dá ibí yìí!” Ìwọ á sì dákẹ́. O ò ní sọ fún wọn pé Ọlọ́run kò mọ nǹkan kan nípa ilà wọ̀nyẹn, pé òkúta gbígbẹ pẹ̀lú ẹ̀gún ni Ọlọ́run fi ibẹ̀ sílẹ̀ sí.

Wò ó, schist ni òkúta rẹ. Ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ipele-ipele bí ìwé tí omi rin tó tún gbẹ, ó sì là lóròòró. Ẹni tó fẹ́ gbin àjàrà síbẹ̀ kò bá ilẹ̀ níbẹ̀. Àfi kó ṣe ilẹ̀. Ọ̀pá irin, òòlù àti ẹ̀tù ni wọ́n fi fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó kúnná nínú rẹ̀ ni wọ́n pè ní iyẹ̀pẹ̀, èyí tó tóbi ni wọ́n fi mọ ògiri tó gbé iyẹ̀pẹ̀ náà ró, kí òjò àkọ́kọ́ má baà gbé gbogbo iṣẹ́ náà sínú odò. Ògiri yẹn kò ní sìmẹ́ńtì rárá. Wọ́n kàn ń wo ojú òkúta, wọ́n ń tò ó lé ara wọn ni, kí omi lè rí ibi sun jáde. Àjàrà á wá ti gbòǹgbò rẹ̀ bọ inú ihò òkúta náà, á máa wá omi lọ sísàlẹ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, ará abúlé ibẹ̀ wà nínú wọn, àwọn alágbàṣe tó rìn wá láti Galicia ní ilẹ̀ Sípéènì sì pọ̀ nínú wọn. Mo wá orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lára rẹ. Mi ò rí i.

Orúkọ àwọn mìíràn kò ṣọ̀wọ́n. Ní 1756, Sebastião José de Carvalho e Melo, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, pààlà sí àgbègbè rẹ, ó ní wáìnì inú ààlà yìí nìkan ni kí wọ́n máa tà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan lára àwọn ààlà wáìnì àkọ́kọ́ lágbàáyé ni. Òpó òkúta 335 ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi sàmì sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì wà láàárín oko títí di òní. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n gbẹ́ sára wọn: FEITORIA. Ààlà náà dára, nítorí àwọn oníwáìnì ayé ìgbà yẹn ti ń fi èso igbó pa wáìnì tí kò dára láró kó lè pọ́n, títí tí Pombal fi ní kí wọ́n hú igi èso náà kúrò. Ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ló tún gba àṣẹ pé òun nìkan ni kó máa kó wáìnì Douro lọ sí àwọn agbègbè kan ní Bùràsíìlì, Bahia sì wà nínú wọn, Bahia kan náà tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ ní ẹrú. Mi ò ní dá ìyẹn sí ọ lọ́rùn. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀ ni.

Orúkọ kejì tó wà lára rẹ ni ti Miguel Torga. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó fi yìn ọ́ síbẹ̀ kí àlejò lè kà á. Òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo àwọn tó yìn ọ́. Ọmọ tálákà ni, São Martinho de Anta tí kò jìnnà sí ọ ni wọ́n ti bí i ní 1907. Adolfo Correia da Rocha ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Nígbà tó ń wá orúkọ tí yóò máa fi kọ̀wé, ó wo gbogbo orúkọ tó wà láyé, ó sì mú ti torga, igbó kékeré kan tó máa ń fi gbòǹgbò di àpáta mú lórí àwọn òkè ìhà ibẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá a: ọmọ èèyàn fi orúkọ igbó jẹ́, òkúta lásán wá fi orúkọ ẹni mímọ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwọn ilà rẹ, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣẹ́ kù. Ní nǹkan bí ọdún 1863, kòkòrò kan tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní phylloxera dé, ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, ó sì ń jẹ àjàrà rẹ láti gbòǹgbò. Láàárín ogún ọdún, ọ̀pọ̀ oko ló ti di aṣálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ́ àjàrà wọn mọ́ ìdí àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa ni wọ́n tó rí ọ̀nà àbáyọ. Àwọn kan kò dúró de ìgbà yẹn. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mortório. Ikú wà nínú orúkọ náà, ẹni tó gbọ́ Potogí kò nílò ìtumọ̀. Ó ṣì wà káàkiri títí di òní: ògiri ṣì dúró, àjàrà ti lọ, igi ólífì àti igbó ló gba ipò rẹ̀. Láti orí rẹ, bí ibi tí ilà ti ń parẹ́ lójú àgbàlagbà ló rí. Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ibẹ̀ ló wu òun jù, torí ó dà bí igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí. Ìwọ kọ́ lo tàn án jẹ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀sùn mi tó tẹ̀ lé e ni ti omi. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ bíi dígí yẹn, tí o fi ń wo ojú ara rẹ láàárọ̀, ìgbà wo lo gbà á? Àbí o rò pé mi ò mọ̀ pé ọmọ àná ni? Láàárín ọdún 1970 sí 1985 ni ìjọba Potogí kọ́ ìdídò márùn-ún lé odò náà lórí láàárín ilẹ̀ wọn, tí omi fi wú, tó sì dákẹ́. Kó tó dìgbà náà, Douro kì í ṣe odò ẹ̀rín. Àgbá wáìnì tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń gba nǹkan bíi lítà 550 ni wọ́n ń tò sínú ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní rabelo. Ọkùnrin kan á dúró sórí pèpéle gíga lẹ́yìn ọkọ̀, á di àjẹ̀ gígùn kan mú, wọ́n á sì já sínú ìgbì láàárín àpáta, títí dé Porto. Tí wọ́n bá fẹ́ padà, ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń gbára lé. Níbi tí ẹ̀fúùfù bá ti kọ̀, màlúù ni wọ́n á so okùn mọ́ kó máa fà wọ́n lọ sókè.

Àbúrò rẹ São Salvador do Mundo, lẹ́bàá São João da Pesqueira, ló lè sọ èyí fún wa dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni Cachão da Valeira wà. Àpáta dí odò níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò fi lè kọjá, láti 1780 títí di 1792 ni wọ́n fi ń fọ́ ọ. Síbẹ̀, omi ibẹ̀ kò gbọ́ràn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, 1861, ọkọ̀ kan dojú dé níbẹ̀. Joseph James Forrester wà nínú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì oníwáìnì tó ya máàpù odò yìí kan náà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà á rí. Ó rì. Dona Antónia Ferreira, obìnrin tó ní oko àjàrà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, tí gbogbo Douro ń pè ní Ferreirinha, wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú, ó sì yè. Wọ́n ní yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ ló gbé e léfòó, wọ́n ní owó tí Forrester dì mọ́ ìbàdí ló fà á sísàlẹ̀. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn, bó bá sì jẹ́ àsọdùn, àsọdùn tó dùn ún gbọ́ ni.

Lónìí, ìdídò Valeira ti mú kí omi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gun São Salvador do Mundo kì í bèèrè Forrester. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń bá wá. Wọ́n ní ẹni tó bá ta kókó sí ẹ̀ka igi giesta tó wà lórí òkè náà kò ní pẹ́ rí ọkọ tàbí ìyàwó. Mo rí kókó náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Èmi náà ta ọ̀kan fún àbúrò mi obìnrin. Kò tíì dáhùn nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyí tí mo fi kà á mọ́ ẹ̀sùn.

Jẹ́ kí n bá ọ kẹ́dùn díẹ̀ kí n tó máa bá ìjà lọ, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ náà ní ẹjọ́ tìrẹ. Ara rẹ ni àjàrà náà ti hù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Nínú ọpọ́n òkúta ńlá, àwọn èèyàn á di ara wọn lápá mú, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí wọ òru, àwọn kan sì ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bu ọtí líle sí i nígbà tó ṣì ń hó, kí ó má baà hó tán, kí adùn rẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Wọ́n wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní wáìnì Porto! Porto, tí kò gbin ìdí àjàrà kan. Porto pàápàá kọ́ ló ń gbé e pamọ́: òdìkejì odò, ní Vila Nova de Gaia, ni àgbá rẹ̀ ń sùn sí. Títí di 1986, òfin ló ní kí wáìnì náà gba Gaia kọjá kó tó lè jáde kúrò nílùú. Bí àwọn Potogí ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àwa náà mọ̀ wọ́n; àwọn ni wọ́n dé sílé onílé tí wọ́n pe Èkó ní Lagos. Nítorí náà, Leonardo, o mọ bó ṣe ń rí lára ẹni kí èèyàn ṣiṣẹ́ tán kí wọ́n fi orúkọ ará ìsàlẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí o fi ṣe é fún olóòlà rẹ?

O lè ní ó ga jù fún ọ láti sọ, pé láti ibi tí o jókòó sí, èèyàn kéré ju èèrà lọ. Òótọ́ ni. Ní gbogbo wákàtí mẹ́ta yẹn, mi ò rí ẹnì kan nínú gbogbo oko tí mò ń wò. Mo bi ọkùnrin kan ní ilé oúnjẹ lálẹ́ bóyá ó yàtọ̀ nígbà ìkórè. Ó ní nínú oṣù Kẹsàn-án, oko a kún fún èèyàn, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ padà gòkè torí ìyẹn, mi ò ní rí wọn náà. Ó ní bàbá òun wà lára àwọn tó máa ń gbé agbọ̀n àjàrà sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta, tí wọ́n á fi ọ̀já kan há iwájú orí kí ọrùn lè bá ẹ̀yìn gbé e. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀ níbi tí ọ̀já náà máa ń wà, ó sì lọ gbé ọbẹ̀ wá.

Ọjọ́ kejì ni mo rí ohun tí mò ń wá. Orí òkè kọ́ ni mo ti rí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá, létí omi, ní téṣàn rélùwéè Pinhão, ni mo ti bá a. Téṣàn kékeré ni, èèyàn lè rìn ín já kó tó tú bàtà. Ní 1937, wọ́n fi táìsì aláwọ̀ búlúù àti funfun bo ara ògiri rẹ̀, àwòrán 24. Wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gé àjàrà. Àwọn ọkùnrin tó gbé agbọ̀n wà níbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Rabelo wà níbẹ̀, nínú odò tí kò tíì gbọ́ orúkọ ìdídò. Òkè náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ló wà, níbi tó yẹ kí òkè wà. Ojú wọn ṣe kedere. Wọ́n ní imú, wọ́n ní èjìká. Mo dúró wò wọ́n títí rélùwéè tó yẹ kí n wọ̀ fi lọ. Táìsì ara ògiri, Leonardo! Ohun tí wọ́n fi ń lẹ balùwẹ̀ nílé àwa, òun ló sọ òótọ́ tí ìwọ òkè ńlá kò lè sọ.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí rẹ tó kù gùn. Casal de Loivos wà lókè orí Pinhão, odò ká lábẹ́ rẹ̀ dáadáa ju tìrẹ lọ (mo ti sọ ọ́, bínú tó o bá fẹ́ bínú), ṣùgbọ́n pèpéle rẹ̀ kò gbà wá. Tọkọtaya kan gba irin ìfọwọ́tì mú fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí odò, fóònù ni wọ́n ń wò. Ní Lamego, ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora dos Remédios ní kí n gun àtẹ̀gùn 686 kí n tó rí òun. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ìwòsàn. Àtẹ̀gùn ìkọkànlélọ́gọ́rùn-ún ni mo ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo jókòó tì í. Ẹni tó bá débẹ̀ kó bá mi kí i.

Láti 2001 ni UNESCO ti kọ orúkọ àgbègbè rẹ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé, hẹ́kítà 24,600. Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn lórí ilẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ nítorí òkè. O lè lọ bi wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Mi ò ní kí o gé gíga rẹ kù, mi ò ní kí o tẹ́ ọ̀nà rẹ. Gba òkúta kan sí ìdí irin ìfọwọ́tì yẹn, òkúta schist tìrẹ gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé èèyàn ló kọ ilà wọ̀nyí, kí wọ́n sì dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn abúlé tí wọ́n ti wá. Ààyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Torga. Mo mọ̀ pé kò ní bínú.

Ẹ kú ìjókòó o, Alàgbà. Ẹ bá mi kí Marão, ẹ ní kó jẹ́ kí kùrukùru díẹ̀ kọjá.

Èmi ni,
Ẹlẹ́wọ̀n yín fún wákàtí mẹ́ta.

Àfikún fún ẹ̀yin tí ẹ bá wa kà á: bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ ní Pinhão, kí ẹ wo ara ògiri téṣàn náà kí ẹ tó gun òkè kankan. Ẹ sọ fún awakọ̀ takisí kó dúró dè yín. Láti Porto lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí nínú rélùwéè. Tí ẹ bá ń bọ̀, òsì ni.